Ọjọ́ Tí A Dúró fún Òkè-Ẹfun ní Woolwich

Ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí, nígbà tí òtútù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé, tí àwa ọmọ Òkè-Ẹfun tó ń gbé Thamesmead wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Woolwich láti lọ jà fún ìlú wa. Ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n bí síbí máa ń bi mí pé kí ló da ìlú orí òkè ní Nàìjíríà pọ̀ mọ́ etí odò Thames. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Orí òkè ni àwọn baba ńlá wa tẹ ìlú náà dó sí nígbà tí wọ́n ń sá fún ogun. Láàárọ̀, ìkùukùu máa ń wọlé bá ènìyàn nínú yàrá. Títí dòní, bí kùrukùru bá bo Thamesmead, ilé ni ọkàn mi ń lọ. Baálẹ̀ kì í dá ìlú ṣe. Àwọn olórí agbo ilé ló ń yàn án, Ìyálóde sì ní àga tirẹ̀ nínú ìgbìmọ̀. Nígbà tí ìjọba sọ gbogbo igbó tó yí wa ká di ọgbà tí wọ́n ti ń dáàbò bo ẹranko, wọ́n bá àwọn bàbá wa ṣàdéhùn pé a óò máa gbé ibẹ̀, a óò sì máa ṣàkóso ara wa.

Nígbà tó yá, ọ̀gá tuntun kan dé sí ọgbà náà. Ó ní òun fẹ́ kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì sórí òkè, ìgbìmọ̀ tí òun bá sì yàn ni yóò máa ṣàkóso ìlú. Ó wá olówó dé London, ó gba gbọ̀ngàn kan láti bá wọn ṣèpàdé ní Royal Arsenal ní Woolwich, níbi tí wọ́n ti ń rọ ìbọn ogun láyé àtijọ́. A gbọ́, a sì pe ìpàdé.

Ẹ̀rù ń ba Bíọ́lá, nọ́ọ̀sì tó wà láàárín wa. “Uncle, tí wọ́n bá pe ọlọ́pàá ńkọ́? Ẹ mọ̀ pé visa iṣẹ́ ni mo fi wà níbí.”

Ìyá rẹ̀, Màmá Fẹ̀hìntọ́lá, tó wá kí i láti ilé, ló dá a lóhùn. Ọ̀tún Ìyálóde ni wọ́n jẹ́ ní Òkè-Ẹfun. “Bíọ́lá, ìwọ dúró sílé. Ṣáà yá mi ní kóòtù rẹ.”

Bíọ́lá tẹ̀ lé wa.

Òjò ń rọ̀ wínníwínní bí a ṣe dúró síwájú gbọ̀ngàn náà. Orin tí a máa ń kọ bí a bá ń ro ọ̀nà odò nílé la kọ. Mo rí àgbà ọkùnrin tó ń sunkún láàárín wa, èmi náà ò sì lè wò ó lójú. Ọ̀gá náà jáde wá, àwọn olówó rẹ̀ tẹ̀ lé e.

“Màmá, ẹ má bínú. Ìdàgbàsókè ni mo ń wá fún yín.”

“A dúpẹ́. Ta ló yàn ọ́?”

“Ìjọba ni, mà.”

“Ìjọba yàn ọ́ sórí ẹranko. Ta ló yàn ọ́ sórí èmi?”

Òyìnbó obìnrin kan lára àwọn olówó bi Bíọ́lá pé kí ni ìyá yìí wí. Bíọ́lá sọ ọ́ fún un bó ṣe rí gan-an, láìbù ú kù. Obìnrin náà kọjú sí ọ̀gá, ó ní ṣé àwọn ará ìlú fọwọ́ sí i. Ọ̀gá náà ní wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀. Obìnrin náà kò padà wọlé mọ́, àwọn mìíràn sì bá a lọ.

Wọn ò kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì náà. Ìgbìmọ̀ ìlú wà lọ́wọ́ ìlú títí dòní, Màmá sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n yan baálẹ̀ tuntun. Ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ ọgbà náà fi wáyà yí oko wa tó wà lẹ́yìn òkè ká, wọn ò sì tíì fún wa ní ilẹ̀ mìíràn tí wọ́n ṣèlérí.

Inú wáyà yẹn ni sàréè bàbá mi bọ́ sí. Nígbà tí mo lọ sílé kẹ́yìn, mo fẹ́ lọ ro ìdí rẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà dọ̀bálẹ̀ kí mi dáadáa, ó wá béèrè pé, “Dádì, ṣé àlejò ni yín àbí onílé?”

Mo ní onílé ni mí. Ó ṣílẹ̀kùn, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n tètè jáde kí wọ́n tó tì í.