Ẹja Tí Ẹ̀gbọ́n Ìyá Mi Fi Rán Mi

Àràárọ̀ ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Ayétòrò máa ń hú irin kan tí àwọn tó ń wa epo rọ̀bì fi sílẹ̀ létí omi, á fà á sẹ́yìn, á tún rì í mọ́lẹ̀, kó lè mọ ibi tí òkun jẹ ilẹ̀ dé.

Mo ń ṣèwádìí lórí àwọn akéwì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tó ń yin òkun. Mo túmọ̀ ewì wọn fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ilé wọn jìnnà sí i ni wọ́n ṣe ń yìn ín. Bá mi sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yín."

Gbólóhùn yẹn ni mo sọ níbi àpérò àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n bi mí pé ta ló sọ ọ́. Mo ní èmi ni mo rò ó.

Nígbà tí mo padà sí Ayétòrò, ẹ̀gbọ́n ìyá mi bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé o jíṣẹ́ mi fún wọn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

Ó di ẹja gbígbẹ sínú ọ̀rá fún mi, ó ní kí n fi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn pé wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ òun.

Èmi nìkan ni mo jẹ ẹ́ tán.