Ọjọ́ Mẹ́ta Tí Ìyá Mi Fi Dirun Olorì

Onídìrí ni ìyá mi. Ó tó ọgbọ̀n ọdún tó fi jókòó sábẹ́ ìbòòji kan níwájú ilé tí à ń gbé ní Festac, tó ń di orí àwọn obìnrin àdúgbò. Bí ẹnì kan bá ní kó di ṣùkú fún òun, irun tó máa ń gbéra láti etí àti ìpàkọ́ lọ pàdé láàárín orí bí agbọ̀n kékeré, ọ̀rọ̀ kan wà tí ìyá mi gbọ́dọ̀ sọ kó tó fọwọ́ kan òòyà. Á ní, "Ẹ mọ̀ pé láyé àtijọ́, olorì nìkan ló ń di èyí." Ẹni tó jókòó á rẹ́rìn-ín, á na ọrùn, kò sì ní ráhùn mọ́ títí irun á fi parí.

Èmi ni mo máa ń kàwé fún wọn. Bí mo bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, tí iná ò sí, ìyá mi á ní kí n mú ìwé wá kí àwọn ènìyàn má bàa sùn sí òun lẹ́sẹ̀. Ìtàn àwọn ayaba ni wọ́n fẹ́ràn jù. Mo ka ti ayaba Íjíbítì tí wọ́n gbẹ́ ère orí rẹ̀, tí ọrùn rẹ̀ gùn bí ọrùn lékèélékèé. Mo ka ti ìyá ọba kan ní Ìbìní tí wọ́n fi idẹ ṣe àwòrán orí rẹ̀, tí irun rẹ̀ ga ṣóńṣó lókè. Mo ka ti ayaba inú Bíbélì tí wọ́n fi òróró òjíá pa lára fún oṣù mẹ́fà, tí wọ́n tún fi lọ́fínńdà kún un fún oṣù mẹ́fà mìíràn kó tó lè dé ọ̀dọ̀ ọba. Mo rántí obìnrin kan tó ń ta bébà ìkọ̀wé ní ẹ̀gbẹ́ wa, tó ní, "Oṣù méjìlá lórí ìpara? Ta ló wá ń dáná fún ọkọ?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ìyá mi fi ní kí wọ́n dákẹ́, pé orí tó wà lọ́wọ́ òun ń mì.

Nígbà tí mo wọ yunifásítì, ìtàn ni mo kà. Wọ́n kọ́ wa pé bí a bá gbọ́ ọ̀rọ̀, kí a bèèrè ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́, bóyá ó wà níbẹ̀, àti ohun tó lè jèrè nínú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ náà bá mi lára mu. N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ sọ ọ́, mo fẹ́ kó dá mi lójú. Nínú ìsinmi kan, ìyá mi ń di ṣùkú fún oníbàárà, ó sì sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ àtẹ̀yìnwá. Mo gbé ojú sókè nínú ìwé mi. Mo ní mo ti wá a. Pé àwọn àgbà kan ń sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, àwọn kan sì ti kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ẹni tó sọ ìlú tí wọ́n ti ṣe òfin náà tàbí ọba tó ṣe é.

Oníbàárà náà yíjú sí ìyá mi. "Háà, Àǹtí, ẹ ti ń ta olorì fún wa láti ọjọ́ yìí, tí kò sí nínú ìwé?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ìyá mi náà rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, kò sọ ọ̀rọ̀ yẹn lójú mi mọ́. Ó pẹ́ kí n tó ṣàkíyèsí. Mo ti gbé ohun tí mo sọ yẹ̀ wò lọ́pọ̀ ìgbà, mi ò rí àṣìṣe nínú rẹ̀. Ohun tí mo rí ni pé kò sẹ́ni tó bi mí.

Ní ọdún tí mo ṣe agùnbánirọ̀ tán, ìka ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í le. Dókítà ní àìsàn oríkèé ni. Ó kọ́kọ́ fi irun kíkó sílẹ̀, nítorí òwú máa ń gé e lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó fi irun dídì sílẹ̀ pátápátá. Àwọn ọmọge Festac kò tilẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ó ti lọ. Wíìgì ni wọ́n ń dé, tàbí kí wọ́n fi àtáṣímẹ́ǹtì dì í ní sálúùnù. Mo ríṣẹ́ sí ọ́fíìsì kékeré kan ní Mazamaza, níbi tí mo ti ń tọ́jú ìwé ẹrù, ìyá mi sì ń jókòó nílé, ó ń fi àtàǹpàkò kan ra èkejì.

Lọ́jọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, obìnrin kan tó tó ẹni àádọ́ta ọdún wá bá wa láti ẹ́sítéètì Amúwo-Ọ̀dọ̀fin. Ó ní ọ̀dọ̀ òun ni ìyá òun ń gbé báyìí. Olorì ni ìyá náà, opó ọba ìlú kékeré kan tó ti wàjà. Wọ́n fẹ́ fi ọba tuntun jẹ, àwọn olorì ọba àná yóò sì jókòó síwájú gbogbo ìlú ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Ṣùkú ni ìyá náà fẹ́, lórí irun tirẹ̀, irun funfun, kúkúrú, láìfi ohunkóhun kún un. Sálúùnù mẹ́ta ni wọ́n ti lọ. Èkíní ní irun náà kò ṣeé dì mú, èkejì ní kí wọ́n fi àtáṣímẹ́ǹtì sí i, ẹ̀kẹta ní kí wọ́n lọ ra wíìgì.

Omi ni mo gbé ń bọ̀ láti ilé ìdáná. Kí n tó gbé e kalẹ̀, ìyá mi ti ní, "Ẹ mú wọn wá ní Sátidé."

Nígbà tí obìnrin náà lọ, mo jókòó tì í. "Màámi, ìka yín ńkọ́?"

"Ọwọ́ mi ló wà."

"Lóṣù tó kọjá, ẹ ò lè ṣí ìdérí ìgò epo."

"Ṣé ìgò epo ni wọ́n fẹ́ kí n dì?" Ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń sọ olorì, olorì. Olorì kankan ò jókòó sáàárín ẹsẹ̀ mi rí. Bí mo bá fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, irọ́ ni mo tà."

Mo mọ ẹni tó kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ irọ́ náà sí i lọ́kàn.

Ní Sátidé, wọ́n dé láàárọ̀. Mo jẹ́wọ́ pé ayaba inú ìwé ni mo ń retí. Ìyá arúgbó kékeré kan ló wọlé, pẹ̀lú ìró àti bùbá àdìrẹ tó ti ṣá, àti sálúbàtà rọ́bà. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n fi ẹ̀rí gbe ẹwà rẹ̀ lẹ́sẹ̀, mi ò mọ ibi tí n bá ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo lè sọ ni pé kò ṣe nǹkan kan ní ìdajì. Ó tú gèlè rẹ̀, ó ṣẹ́ ẹ po sí mẹ́rin, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ, kó tó nà án sí mi. Ó wo àpótí tí a gbé kalẹ̀ fún un, ó sún un síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó jókòó. Yàrá wa wá dà bí ibi tí ènìyàn gbọ́dọ̀ tún ara rẹ̀ ṣe.

Ìyá mi fi àdí ra orí rẹ̀, ó mú ìkótí, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí onídìrí fi ń la ojú irun, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ irun àkọ́kọ́ jáde tẹ́ẹ́rẹ́, ó dọ́gba. Èkejì àti ẹ̀kẹta tẹ̀ lé e. Lórí ẹ̀karùn-ún, àtàǹpàkò rẹ̀ há. Mo rí i nítorí mò ń wò ó. Ó fi ọwọ́ náà pamọ́ sábẹ́ ìró rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ kejì ra irun bí ẹni tó ń ronú.

Ọmọ olorì rí i pẹ̀lú. Ó rọra sọ̀rọ̀, kì í ṣe pẹ̀lú ìwọ̀sí. "Màámi, ẹ jẹ́ ká wá wíìgì tó dáa. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

Olorì ní, "Èmi á mọ̀."

Mo ní kí ìyá mi jẹ́ kí n ràn án lọ́wọ́. Ó mi orí. Òfin kan wà ní ìdí iṣẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀: ènìyàn méjì kì í di orí kan. Àti pé èmi kò mọ irun ún dì. Ojú irun nìkan ni mo mọ̀ ọ́n là.

Mo fẹ́ kó rí àyè sinmi. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wá sí mi lẹ́nu, kò sì jẹ́ èyí tó yẹ. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni pé láyé àtijọ́, olorì nìkan ló ń di ṣùkú?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Mo wo ìyá mi. Òun ló dáhùn, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. "Èmi ni, Olorì. Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn oníbàárà."

Olorì ro ó wò. "Mi ò mọ ti ìlú ẹlòmíràn. Ní ìlú tiwa, mi ò gbọ́ ọ létí pé ẹnì kan ṣòfin. Ṣùgbọ́n ṣùkú wa nígbà náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín bí òwú, ọjọ́ mẹ́ta la fi ń dì í. Obìnrin tó ń lọ oko, tó ń lọ ọjà, níbo ló ti máa rí ọjọ́ mẹ́ta? Àwa tá a jókòó láàfin la rí i. Bóyá ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti wá." Ó yíjú padà. "Mú ọwọ́ tó o fi pamọ́ yẹn wá."

Ìyá mi yọ ọ́ jáde. Olorì yẹ ìka rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ọwọ́ ìyálé mi nìyí gan-an. Ọwọ́ rẹ̀ rí bí ata ilẹ̀. Á di ẹsẹ̀ mẹ́ta, á sinmi, á bú mi, á tún di méjì. Òru méjì ni mo fi sùn pẹ̀lú ìdajì orí. Kábíyèsí rí mi, wọ́n ní ta ló tu adìyẹ yìí tí kò tu ú tán."

Ọmọ rẹ̀ ti ń fi ọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín ń pa á. Olorì na ọwọ́ fún gèlè rẹ̀. Ó ní, "Sátidé lòní. Ọjọ́bọ̀ ni ìwúyè. Ta ló ń lé wa?"

Ó wé gèlè lé ìdajì ṣùkú náà, ó sì lọ sílé.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ìyá mi fún òfin rẹ̀ ní ìtumọ̀ tuntun láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ojú irun lílà kì í ṣe irun dídì. Ìwọ á máa là á, èmi á máa dì í."

Bí a ṣe ṣe é nìyẹn. Ní ọjọ́ Àìkú, wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì wá bá wa. Ní Mọ́ńdè, mo tọrọ àyè ní ọ́fíìsì, mo dé ilé ní ọ̀sán. Mo ń fi ìkótí la ojú irun, ìyá mi ń dì í, ó ń sinmi, ó tún ń dì í. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá há, olorì á sọ ìtàn kan títí yóò fi tú. Kò sọ ọ́ pé nítorí rẹ̀ ni òun ṣe ń sọ̀rọ̀. Orí rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ lábẹ́ ìka mi. Mo rántí gbogbo ayaba tí mo ti kà nípa wọn. Àwọn ìwé náà sọ irú irun tí wọ́n ní, bí ọrùn wọn ṣe gùn, òróró tí wọ́n fi pa wọ́n. Kò sí èyí tó sọ ẹni tó jókòó lẹ́yìn wọn fún mi. Ọ̀dọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo dàgbà sí. Òun ló ní kí n ka ìwé náà sókè, ọwọ́ yìí náà ló sì fi rán mi lọ kọ́ ẹ̀kọ́ tí mo fi ń bi í ní ẹ̀rí.

Nígbà tí ẹsẹ̀ irun tó kẹ́yìn dé òkè, ìyá mi so ó. Mo gbé dígí wá. Olorì wò ó pẹ́, ó yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó fi orí ìka kan ṣóńṣó rẹ̀. Ó ní, "Ó tó." Ó mú ọwọ́ ìyá mi méjèèjì, ó dì wọ́n mú, ó pẹ́ kó tó fi wọ́n sílẹ̀. Kò gba gèlè tí mo nà sí i. Ó fi orí rẹ̀ lásán jáde sí ojú pópó Festac, ọmọ rẹ̀ ń tẹ̀ lé e, àwọn tó jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù sì ń dìde kí i láìmọ ẹni tó jẹ́.

Mo gbé omi gbígbóná wá, mo fi ọwọ́ ìyá mi sínú rẹ̀. Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ láti Sátidé. Mo ní, "Màámi, ẹ ṣé."

"Kí ni mo ṣe?"

Ohun tí mo ní í sọ pọ̀, mi ò sì mọ èyí tí mo lè sọ láìfi ọ̀rọ̀ kún un. Mo ń fi omi ra ìka rẹ̀. Ó yíjú sí mi.

"Ojú irun kan wà lẹ́yìn etí òsì. Ó wọ́ díẹ̀. Ṣé o rí i?"

"Mo rí i. Èmi ni mo là á."

"Mo mọ̀," ni ìyá mi wí, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi dà sí ilẹ̀.