Ẹyin awó tí ọkọ mi ń gbé fún Afí

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, mò ń jowú lónìí, mi ò ní purọ́.

Afí, ọ̀rẹ́ mi àtijọ́, ti Anié wá kí wa ní Atakpamé, ní Tógò níbí, lọ́sàn-án yìí. Nígbà ọmọge wa, lápá ìparí àwọn ọdún 1980, a jọ múra ìdíje àwọn obìnrin tó ń fi iṣan ara wọn hàn ní Lomé. Garawa tí a da sìmẹ́ǹtì sí la fi ń ṣe irin tí à ń gbé sókè. Kí owó ọkọ̀ àti ti aṣọ ìdíje lè pé, a fẹnu kò pé a ò ní ra ẹyin, tó ń mú iṣan dàgbà, rárá. Ẹ̀wà ni mò ń jẹ ṣáá, títí inú mi fi ń kùn nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Afí ṣe ipò kejì. Èmi ni mo gbẹ́yìn.

Àfi bí Afí ṣe wojú ọkọ mi lónìí, tó bú sẹ́rìn-ín:

"Bàbá Ẹlísè, ẹ ṣì rántí ẹyin awó tí ẹ máa ń gbé wá fún mi láti Elavagnon?"

Ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín! Aládùúgbò mi lásán ni ọkọ mi nígbà yẹn o, a ò tíì fẹ́ra. Ẹnu ọ̀nà wa ló ń gbà kọjá!

Mo ní, "Ẹ ò wá lè fún mi ní ẹyọ kan?"

Ó ní, "Afí bèèrè. Ìwọ ò bèèrè."

Mo wo apá Afí. Ó ṣì yi. Gbogbo ọdún wọ̀nyí ni mo ti gbà pé ó kàn lágbára jù mí lọ ni.

Àlejò ti lọ. Ọkọ mi ń bi mí pé kí ló ń bí mi nínú.

Ẹ̀yin abilékọ, kí ni kí n dá a lóhùn?