Ìyàwó Lígà

Ọ̀rọ̀ òyìnbó kan wà tí n kì í gbọ́ kí n má pòṣé. Lígà ni. Àwọn lọ́yà ló ni ín, ṣùgbọ́n orogún mi kékeré ló gbé e wọ ilé wa ní Ìwó.

Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́. Yìgì ni wọ́n so fún èmi àti ọkọ mi ní ojúde bàbá mi, gbogbo àdúgbò sì jẹ́rìí. Ó pẹ́ lẹ́yìn náà kí ọkọ mi tó pàdé orogún mi, ọmọ Ilé-Ogbó, òṣìṣẹ́ báǹkì. Òun ní òun ò ṣe yìgì, kọ́ọ̀tù ni kí àwọn lọ. Wọ́n lọ. Ó wọ ìbọ̀wọ́ funfun. Títí dòní, bí mo bá rí ìbọ̀wọ́ funfun, mo máa ń yí ojú kúrò.

A ń fara da ara wa títí ọkọ wa fi fẹ́ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní Òṣogbo. Wọ́n fẹ́ ṣe ayẹyẹ ìdágbére fún un, wọ́n ní kó mú ìyàwó rẹ̀ dání. Ìyàwó kan, àga kan. Mo ti sá aṣọ òfì mi sí oòrùn nígbà tí orogún mi yọ sí ẹnu ọ̀nà.

"Ìyáálé mi, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu. Èmi ni ìyàwó lígà."

Ìyá ọkọ wa, tí etí wọn ti ń wúwo, ń ṣa ẹ̀wà nítòsí. Wọ́n gbójú sókè.

"Ìyàwó ló ga? Èwo ló ga nínú yín? Ẹ̀yin méjèèjì, ta ló ga ju ìgbálẹ̀ lọ?"

"Ẹ ṣeun, Màmá," mo ní. "Ẹ bá mi wọ̀n ọ́n."

"Lígà ni mo wí, Màmá," orogún mi fèsì. "Ẹni tí òfin mọ̀."

"Èmi ńkọ́? Ṣé fèrèsé ni mo gbà wọlé?"

"N kò sọ bẹ́ẹ̀ o. Ẹ̀yin ni ti yìgì."

Ti yìgì! Bí ẹni ń pe ẹ̀kọ àná. Òwú là ń fi rán aṣọ. Owú ló tú tèmi ká lọ́jọ́ náà. Mo gun kẹ̀kẹ́, ó di ọ̀dọ̀ lọ́yà obìnrin kan nígboro.

Ó gbọ́ mi tán, ó ní: "Màmá, lígà ò ju ohun tí òfin fọwọ́ sí lọ. Yìgì yín, lígà ni. Ọkùnrin tó ní ìyàwó yìgì nílé, tó tún lọ fẹ́ ẹlòmíràn ní kọ́ọ̀tù, ti kọ́ọ̀tù yẹn ni òfin ò kà sí."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ."

Ó tún un sọ. Mo ní kó tún un sọ sí i. Ẹ̀rín pa á.

Nígbà tí mo délé, mo pe ọkọ mi níwájú orogún mi. "Bàbá àwọn ọmọ, ta ni ẹ kọ́kọ́ fẹ́, tí wọ́n so yìgì fún? Lọ́yà ní ìyàwó yìgì ni lígà." Ọkọ mi ní kí n lọ ká òfì mi nínú oòrùn. Orogún mi wọ yàrá rẹ̀, kò bá mi fà á. Ìró ìlẹ̀kùn rẹ̀ dùn mọ́ mi ju oyin lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dé Òṣogbo. Mo wọ òfì mi, mo jókòó sórí àga ìyàwó. Àwọn ọ̀gá ń kí mi ní màdáámù, èmi náà ń mi orí bí ìyàwó ọba. Mo ní kí n fọwọ́ kan ọkọ mi lápá kí n fi ẹnì kan hàn án. Fóònù wà létí rẹ̀, mo gbọ́ ohùn orogún mi nínú rẹ̀.

"Ìwọ ni mo fẹ́ kó rí kéèkì yìí," ó ń wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Rárá, máa bínú. Bínú, ṣùgbọ́n jẹun."

Ó ń rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí mo ti rò pé ọjọ́ ogbó ló gbà á lẹ́nu rẹ̀. Mo fa àga mi sún mọ́ tirẹ̀. Ó yí ẹ̀yìn sí mi díẹ̀, kí ariwo wa má bàa bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀.