Ẹni Tó Ń Fi Ìgúnpá Gún Bàbá Mi

Oṣù mẹ́ta gbáko ni bàbá mi kò fi bá èmi ọmọ rẹ̀ obìnrin sọ̀rọ̀. A kò jà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló kú l'Óǹdó, ẹni ìkẹyìn nínú àwọn mẹ́ta tí wọ́n bá a kọrin nígbà èwe wọn. Láti ọjọ́ tí a ti ti ibi ìsìnkú náà dé sí Àkúrẹ́ ni ẹnu rẹ̀ ti pa dé. Dókítà yẹ ọ̀fun rẹ̀ wò, ó ní kò sí ohun tó ṣe é. Aládùúgbò wa kan ní Ìsíkàn ní kí n gbé e lọ sórí òkè àdúrà. Mo ní kí ó kọ́kọ́ gbé ìyá tirẹ̀ tí kì í dákẹ́ lọ.

Mo ń sọ̀rọ̀ fún un ṣá, láàárọ̀, nírọ̀lẹ́, bí ẹni ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ kò ju kí n mọ̀ bóyá ó ń gbọ́ mi lọ.

Àwọn mẹ́rin ni wọ́n, bàbá mi àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta. Ọmọ kọ́áyà ṣọ́ọ̀ṣì ni gbogbo wọn kí orin òyìnbó tí wọ́n ń pè ní rọ́kẹ́ńróòlù tó kó sí wọn lórí. Gìtá kan ṣoṣo ni wọ́n ní, ẹnu ni wọ́n fi ń ṣe ìyókù. Wọ́n wọ ṣòkòtò tó fún pinpin, wọ́n kọrin káàkiri gbọ̀ngàn ilé ìwé àti ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Arákalẹ̀, wọ́n ṣe àwo orin kan péré, lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn di tíṣà. Àwo náà kò tà, ṣùgbọ́n ẹ ò lè sọ ìyẹn lójú wọn.

Lójoojúmọ́ tí mo bá ti ibi iṣẹ́ mi ní Alágbàká dé, màá bá bàbá ní ìdúró lẹ́bàá fèrèsé pálọ̀, tí ó na ọrùn síwájú bí ẹni pé makirofóònù wà níbẹ̀. Yóò fi àyè ẹni kan sílẹ̀ lọ́wọ́ òsì, àyè ẹni méjì lọ́wọ́ ọ̀tún. Lọ́jọ́ kan, mo gbé àga sí àyè ọwọ́ òsì kí ó lè jókòó. Ó gbé e kúrò jẹ́jẹ́, ó sì tẹrí ba díẹ̀ sí ibi tó ṣófo náà, bí èèyàn ṣe ń bẹ ẹni tí wọ́n ṣèèṣì tì. Ẹ̀rù bà mí. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbẹ́ ògiri ni mo ń gbà lọ sí ilé ìdáná.

Bí mo ṣe ń gé ẹ̀fọ́ níbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan ni mo rántí ìtàn kan tó máa ń sọ fún wa. Wọn kì í ka ení, èjì, ẹ̀ta kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ orin. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó kú l'Óǹdó yìí ló ń dúró lọ́wọ́ òsì, òun ló sì ń fi ìgúnpá gún un pé ó yá. Bí kò bá gún un, bàbá kò ní la ẹnu, ì báà jẹ́ gómìnà ló jókòó níwájú. Lọ́jọ́ kan, ọmọge kan gba ojú ọ̀rẹ́ náà, ó gbàgbé láti gún un. Bàbá pa ẹnu mọ́ títí orin fi parí, lójú gbogbo ayé. A máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Lọ́jọ́ yìí, ẹ̀rín kò pa mí. Ta ni yóò gún un báyìí?

Mo ju ọ̀bẹ sílẹ̀, mo lọ dúró sí àyè ọwọ́ òsì. Mo fi ìgúnpá gún un.

Bàbá kọrin! Apá tirẹ̀ nìkan ló kọ, torí kò kọ́ òmíràn rí. Yóò kọ díẹ̀, yóò dákẹ́, yóò máa mi orí sí ohun tí èmi kò gbọ́, yóò tún gbà á. Lẹ́ẹ̀kan, ó ṣẹ́jú sí ọwọ́ ọ̀tún, bí ẹni tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣi orin kọ.

Nígbà tó parí, mo ní, “Bàámi, ẹ kú iṣẹ́ o.” Kò wò mí. Ó di ọwọ́ mi mú.

“O pẹ́,” ló wí. “Gbọ́, ọmọ mi obìnrin kan wà nínú ilé yìí. Ojoojúmọ́ ló ń bá mi sọ̀rọ̀. Bá mi sọ fún un pé mo ń gbọ́.”

Mo ní màá sọ fún un.