Nọ́ọ̀sì Lọ-dùbúlẹ̀ àti Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Nọ́ọ̀sì Lọ-dùbúlẹ̀ la máa ń pè é lẹ́yìn, kò sì sẹ́ni tó láyà láti pè é bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀. Láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn wa, ẹnikẹ́ni tó bá di ìbàdí mú wọlé, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa gbọ́: "Ẹ lọ dùbúlẹ̀. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ má gbé nǹkan kan. Eegun ẹ̀yìn yín ti yẹ̀." Èmi tí mò ń tọ́jú káàdì àwọn aláìsàn máa ń gbọ́ ọ láti yàrá kejì, torí ògiri kì í dá ohùn rẹ̀ dúró.

Kì í ṣe ìkà o. Kí n tètè sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹnì kan má baà bú u níṣojú mi. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́ ló ń sọ. Nígbà tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dun ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, aránṣọ tó tọ́ ọ dàgbà, ohun kan náà ló sọ fún un. Ó fi pákó sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó da aṣọ bo ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ní kò gbọ́dọ̀ jókòó tì í mọ́. Ọdún kẹta rèé. Ibi tí ìyá náà ń rìn dé kò ju balùwẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti di tín-ín-rín. Ìrora ò lọ.

Lọ́sàn-án Ọjọ́rú kan, wọ́n rán ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń tọ́jú eegun àti iṣan wá láti dá wa lẹ́kọ̀ọ́. A to àga sí yàrá tí àwọn aláìsàn ti máa ń dúró. Ó ní tí ẹ̀yìn bá ti ń dunni kọjá oṣù mẹ́ta, kì í sábà jẹ́ pé nǹkan kan ṣì ń ya níbẹ̀. Ó ní ká kọ́kọ́ bi aláìsàn bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kú, bóyá ìtọ̀ ń bọ́ lára rẹ̀, bóyá ibà ń ṣe é, bóyá ó ń rù. Tí kò bá sí ìkankan, ká jẹ́ kó máa rìn, kó máa ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, torí ìdùbúlẹ̀ pípẹ́ ló ń sọ ẹ̀yìn di ọ̀lẹ.

"Ẹ sì ṣọ́ ẹnu yín," ló wí. "Ẹni tẹ́ ẹ bá sọ fún pé eegun rẹ̀ ti yẹ̀, ẹ̀rù ò ní jẹ́ kó mira mọ́."

Mo wo Nọ́ọ̀sì. Ó ti bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó dìde.

"Dókítà, ẹni tó ti dùbúlẹ̀ fún ọdún mẹ́ta ńkọ́?"

"Háà, mà! Ta ló ní kó dùbúlẹ̀?"

"Èmi ni."

Àwa tí a máa ń fi orúkọ yẹn rẹ́rìn-ín, a ò mọ ibi tí a máa wò. Ojú tì mí, kí n má parọ́.

"Kò tíì pẹ́ jù, mà," ni ọ̀dọ́kùnrin náà sọ. "Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni o."

Àdúgbò kan náà ni èmi àti Nọ́ọ̀sì ń gbé, nítorí náà a jọ rìn lọ sílé. Mo tẹ̀ lé e wọlé. Bó ṣe wọ yàrá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kúnlẹ̀, ó sì bi í ní ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Rárá ni ìyá náà ń dáhùn.

"Kí ló dé? Ṣé wọ́n fẹ́ gbà mí síṣẹ́ ọlọ́pàá ni?"

"Àǹtí mi, ẹ dárí jì mí. Mo ṣì yín lọ́nà. Kò yẹ kí n ní kẹ́ ẹ dùbúlẹ̀ rárá."

Ìyá náà fọwọ́ ti ara rẹ̀ dìde jókòó.

"Oṣù àkọ́kọ́ ni mo ti fẹ́ dìde," ló wí. "O pariwo mọ́ mi. Mo ní ìwọ lo kàwé, ìwọ lo mọ̀ ọ́n."

Nọ́ọ̀sì bú sẹ́kún. Ó nawọ́ láti fà á dìde.

"Fi mí sílẹ̀ jàre. Mo lẹ́sẹ̀."

Ó dìde fúnra rẹ̀. Ó di ògiri mú, ó dúró mí, ó tún gbẹ́sẹ̀. Ó ń dùn ún, a rí i lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò padà. Nígbà tó dé ìdí ẹ̀rọ, ó ká aṣọ tó bò ó kúrò. Abẹ́rẹ́ ṣì gún ohun tó ń rán lọ́jọ́ tí wọ́n lé e kúrò níbẹ̀: yúnífọ́ọ̀mù funfun tó jẹ́ ti àbúrò rẹ̀, tó ku apá kan ṣoṣo. Ó yọ ọ́, ó gbọn eruku ara rẹ̀, ó wo Nọ́ọ̀sì láti orí dé ẹsẹ̀.

"O ti sanra," ló wí. "Nu ojú ẹ, kó o sún mọ́bí, kí n tún ẹ wọ̀n."