Bọ́ọ̀sì Kẹsàn-án ti Pigeon Fork

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ẹ̀gbọ́n mi Arvella ti fi wa bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ní káúntì Hasper, kò sì kọlu nǹkan kan rí àfi àgbọ̀nrín kan àti àpótí lẹ́tà Pásítọ̀ Goins. Ó sunkún nítorí àgbọ̀nrín. Ní ti àpótí lẹ́tà, ó ní ta ló ní kí pásítọ̀ rì í mọ́ etí títì.

Ẹ má rò pé mo ń pọ́n ọn nítorí pé ọmọ ìyá mi ni. Alágídí paraku ni. Nínú bọ́ọ̀sì kẹsàn-án, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pariwo títí wọ́n á fi kọjá afárá, torí ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ ni, àwọn ọkọ̀ agbégẹdú sì máa ń yọ níwájú lójijì. Tí wọ́n bá ti kọjá afárá, kí wọ́n kọ orin tó bá wù wọ́n. Inú agolo oúnjẹ tí ọkọ rẹ̀, Dorsey, ń gbé lọ síbi ìwakùsà nígbà kan ló ń kó bísíkíìtì rírọ̀ tí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wà láàárín rẹ̀ sí, ó sì mọ ọmọ tí kò tíì jẹun láti bó ṣe ń gun àtẹ̀gùn. Kì í ka ọmọ ní ení, èjì. Tí wọ́n bá dé ẹnu géètì ilé-ìwé Pigeon Fork, orúkọ ló máa ń pè wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Kò ní ti ilẹ̀kùn títí orúkọ tó gbẹ̀yìn á fi wọlé sọ́dọ̀ mi, torí èmi ni mo ń dáná níbẹ̀.

Èèyàn márùn-ún la dìbò yàn sí ìgbìmọ̀ tó ń darí ilé-ìwé káúntì wa. Mọ́ńdè kejì oṣù ni wọ́n ń pàdé, àwọn ló sì gba ọ̀gá àgbà síṣẹ́, ìyẹn Ọ̀gbẹ́ni Pruitt. Ìpínlẹ̀ ń fún wọn lówó gẹ́gẹ́ bí iye ọmọ tó bá wà ní kíláàsì nínú oṣù Ọ̀kítóbà. Láti ìgbà tí ibi ìwakùsà ti kógbá wọlé ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń kó lọ, ọmọ ń dín kù, owó náà sì ń dín kù. Èyí tó kù, àwa onílé la ń fi owó-orí lé ara wa lórí, a sì gbọ́dọ̀ dìbò gbà á lẹ́ẹ̀kan lọ́dún márùn-ún. Owó yẹn ló ń sanwó nọ́ọ̀sì, tó ń tún bọ́ọ̀sì ṣe, tó sì ń jẹ́ kí ilé-ìwé kékeré bíi tiwa máa mí. Ọmọ méjìdínlọ́gọ́ta péré la ní. Ṣùgbọ́n nígbà tí èsì ìwé kíkà ti kíláàsì kẹta jáde, méje nínú ọmọ mẹ́wàá tiwa ló yege, nígbà tó jẹ́ mẹ́rin péré nínú mẹ́wàá ni ti káúntì lápapọ̀. Mo lẹ èsì náà mọ́ fíríìjì mi ní ilé ìdáná ilé-ìwé, mi ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ ọ́.

Ọdún tí èsì yẹn jáde, hítà bọ́ọ̀sì kẹsàn-án kú nígbà òtútù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Arvella kọ̀wé sí ọ́fíìsì, wọn ò dáhùn. Àfi bí Ọ̀gbẹ́ni Pruitt ṣe gbé ọkọ̀ tuntun kọjá níwájú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday kan. A kò tíì bu ẹ̀wà tán nílé Arvella tó fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

“Ṣé ẹ rí ọkọ̀ yẹn? Wọ́n ní àga rẹ̀ gan-an ń móoru! Ìdí Pruitt ń móoru, àwọn ọmọ mi ń fi ìbọ̀wọ́ jẹ bísíkíìtì!”

Dorsey ní, “Arvella, fi ìdí ọkùnrin yẹn sílẹ̀, kí o jẹun.”

“Mi ò ní fi sílẹ̀. Ìbò owó-orí ń bọ̀ nínú oṣù Karùn-ún. Gbogbo ẹni tó bá jẹ ẹ̀wà mi lónìí, ‘bẹ́ẹ̀ kọ́’ ni kó tẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́ ọ lọ́gbọ́n.”

“Ṣé owó Pruitt ni, àbí owó ilé-ìwé?” ni Dorsey bi í.

“Kí ló yàtọ̀ níbẹ̀? Gbé bọ́tà wá.”

A rẹ́rìn-ín. Èèyàn mẹ́sàn-án la yí tábìlì náà ká, àwọn ọmọ rẹ̀, ìyàwó wọn, àti èmi. Èmi gan-an ni mo gbé búrẹ́dì àgbàdo kalẹ̀ tí mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi ti sọ̀rọ̀.”

Ìbò mọ́kànlá péré ni owó-orí náà fi já kulẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Pruitt kò pàdánù nǹkan kan, ọkọ̀ rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ìdí rẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án, lẹ́tà dé: wọ́n fẹ́ ti ilé-ìwé Pigeon Fork pa, kí wọ́n kó àwọn ọmọ wa lọ sí ìlú Hasper. Ìlànà ìgbìmọ̀ fúnra wọn ni pé ọmọ kékeré kò gbọdọ̀ pẹ́ ju ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta lọ nínú bọ́ọ̀sì. Lẹ́tà náà ní ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógójì ni ọ̀nà náà. Arvella kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ká a, ó sì mú kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì.

Wọ́n gbọ́dọ̀ gbọ́ tẹnu aráàlú kí wọ́n tó ti ilé-ìwé kankan pa. Nítorí náà, a kún gbọ̀ngàn eré ìdárayá wa fọ́fọ́ nínú oṣù Ọ̀kítóbà. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n ń fún olúkúlùkù, agogo á sì dún. Denzil Ratliff ni alága, ọmọ Pigeon Fork ni, Arvella ló gbé e lọ sílé-ìwé láti kékeré.

“Arvella Stidham, awakọ̀ bọ́ọ̀sì kẹsàn-án.”

“A mọ̀ yín, Màmá,” ni Denzil wí.

“Mo mọ̀ pé ẹ mọ̀ mí, Alága. Ẹ ti bì sórí bàtà mi rí.”

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó kọjú sí ọ̀gá àgbà. “Ọ̀gbẹ́ni Pruitt, ta ló wọn ọ̀nà yìí?”

“Èmi fúnra mi ni, mà.”

“Nínú oṣù wo?”

“Júláì.”

“Nínú ọkọ̀ yín tí àga rẹ̀ ń móoru?”

Ọkùnrin náà wolẹ̀. “Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Ọmọ mélòó lẹ gbé lójú ọ̀nà? Kò sí. Ọmọ mọ́kànlélógún ni mo ń gbé, mo sì ń dúró nígbà mẹ́rìndínlógún. Mo wa ọ̀nà yẹn ní Sátidé, mo dúró níbi gbogbo tí mo máa ń dúró. Ìṣẹ́jú mọ́kànléláàádọ́rin ni. Alága, ẹ wá wọ bọ́ọ̀sì mi kí ẹ fojú ara yín rí i.”

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Agogo dún. A rò pé ó ti parí, ṣùgbọ́n kò kúrò nídìí gbohùngbohùn.

“Ó ku ọ̀rọ̀ kan, ojú sì ń tì mí láti sọ ọ́.”

Denzil fọwọ́ bo agogo. “Ẹ máa sọ ọ́, Màmá.”

“Mo tẹ ‘bẹ́ẹ̀ kọ́’ ní oṣù Karùn-ún. Mo ní kí gbogbo ilé mi náà tẹ̀ ẹ́. A jẹ́ mẹ́sàn-án. Ká ní mẹ́fà péré nínú wa tẹ ‘bẹ́ẹ̀ ni’ ni, a kì bá jókòó síbí lónìí. Inú ń bí mi sí ọkùnrin kan, mo wá gbé ìbínú náà ka orí àwọn ọmọ. Èmi ni mo ṣe é.”

Lẹ́yìn náà ni ohùn ọkùnrin kan jáde láti ẹ̀yìn. “Èmi náà tẹ̀ ẹ́, Arvella.” Òmíràn ní, “Ilé tiwa jẹ́ mẹ́rin.” Pásítọ̀ Goins pàápàá dìde, ó na ọwọ́ rẹ̀ sókè. Wọ́n ń dìde níhìn-ín lọ́hùn-ún títí tí nǹkan bí ìdajì gbọ̀ngàn fi wà lórí ìdúró. Èmi kò dìde, bẹ́ẹ̀ èmi náà tẹ̀ ẹ́. Mo jókòó, mo ń wo ọwọ́ mi. Títí di òní, ó ń dùn mí.

Denzil wá lóòótọ́, láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan tí kùrukùru bo gbogbo àfonífojì. Àwọn òbí fọwọ́ sí i pé kí Arvella gbé àwọn ọmọ dé Hasper lọ́jọ́ yẹn, kó sì dá wọn padà. Ó jókòó sẹ́yìn Arvella pẹ̀lú aago lọ́wọ́. Ọmọ ọdún márùn-ún kan tó ń jẹ́ Braelynn, tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbé, jókòó tì í. Nígbà tó di àádọ́ta ìṣẹ́jú, Braelynn bì sórí bàtà Alága.

Arvella wò ó nínú díńgí. “Omi wà lábẹ́ àga, Denzil. O ṣáà mọ ibẹ̀.”

Aago fi ìṣẹ́jú mẹ́tàléláàádọ́rin hàn nígbà tí wọ́n dé Hasper.

Ní oṣù Kejìlá, wọ́n dìbò. Denzil ní kí wọ́n má tì í pa, ẹnì kan sì tẹ̀ lé e. Àwọn mẹ́ta yòókù ní kí wọ́n tì í, wọ́n sì yí ìlànà ìṣẹ́jú náà padà lójú ẹsẹ̀. Mo fẹ́ kórìíra wọn, mi ò kàn rí i ṣe. Ìyáàfin Combs, tó dìbò gbẹ̀yìn, ń sunkún bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó ní, “Mo mọ̀ pé ìkà ni. Ṣùgbọ́n tí mo bá dá a sí, nọ́ọ̀sì mẹ́ta ló máa lọ. Ẹ sọ ọmọ tí mo máa fi nọ́ọ̀sì dù fún mi.”

Oṣù Karùn-ún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tún gbé owó-orí síwájú wa. Arvella ti ń kan ilẹ̀kùn kiri láti oṣù Kejì, owó-orí náà sì fi ìbò tó lé ní ẹgbẹ̀ta borí. Àwọn nọ́ọ̀sì dúró. Hítà bọ́ọ̀sì kẹsàn-án ń ṣiṣẹ́. Ilé-ìwé wa kò ṣí padà, wọ́n ti pín àwọn olùkọ́ ká, wọ́n sì ti gbé fíríìjì mi lọ pẹ̀lú èsì ìdánwò lára rẹ̀.

Oṣù Kẹfà yẹn ló yẹ kí Arvella fẹ̀yìn tì. Dorsey ti kan ọkọ̀ ojú omi kékeré sílẹ̀ tí wọ́n á máa fi pẹja. Ó ní kí Dorsey fi tapólì bò ó. “Èmi ni mo sọ ọ̀nà yẹn di gígùn. Ta ni kí n wá ní kó máa wà á?”

Wọ́n gbà mí sí ilé ìdáná ní Hasper, nítorí náà mo wà nínú bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹjọ. A kọjá afárá. Nígbà tí a dé ẹnu géètì wa àtijọ́, Arvella yà, ó fa búréèkì, ó ṣí ilẹ̀kùn. Koríko ti hù láàárín àtẹ̀gùn.

“Braelynn,” ló pè.

Ọmọ náà gbójú sókè. “Màmá, a ò kì í sọ̀ níbí mọ́.”

Ọwọ́ Arvella kò kúrò lára ilẹ̀kùn. Mo rò pé yóò tì í. Ṣùgbọ́n ó tún pe Braelynn, ọmọ náà sì jẹ́ ẹ láti orí àga rẹ̀. Ó pe èkejì. Ó pe gbogbo wọn, mọ́kànlélógún, wọ́n ń dáhùn níbi tí wọ́n jókòó sí.

Ó wá wò mí nínú díńgí. “Glenna.”

Mo dìde dúró kí n tó dáhùn. Lẹ́yìn náà ló ti ilẹ̀kùn, a sì bọ́ sọ́nà Hasper.